Ẹ Ṣì Máa Mánéèjì Ẹ̀ Ná

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú bí mi láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ wá sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ló ba iṣẹ́ jẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í dédé ba iṣẹ́ jẹ́. Èèyàn ló ń bà á jẹ́, èèyàn náà ló sì máa ń purọ́ mọ́ ọn, nítorí pé kò lẹ́nu tó máa fi jà. Olùkọ́ kan ní Òkè-Àgbè, ìlú mi, ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi yan iṣẹ́ tiwọn. Ó ní kí n kọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Màá gbìyànjú, ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí ẹ̀rín fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Orí táípúráítà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà kí kọ̀ǹpútà tó dé, orí kọ̀ǹpútà ni mo sì parí rẹ̀ sí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa parí, ọmọ ọmọ mi ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi fóònù ya fọ́tò.

Aṣọ rírán ni bàbá mi ní kí n lọ kọ́. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Ìkàrẹ́, ìyẹn sì fi mí sọ́dọ̀ aránṣọ kan. Oṣù méjì ni mo lò níbẹ̀. Mo rán apá aṣọ mọ́ ibi tó yẹ kí ọrùn wà, ìyá aránṣọ sì bi mí bóyá èèyàn ni mo ń ránṣọ fún àbí alákàn. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Ojú mi ni kì í sí lórí aṣọ. Ní òdìkejì títì, ọkùnrin kan máa ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, á dojú táípúráítà délẹ̀, á máa wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn ló ń pè mí.

Ọ̀gá Bámidélé ni orúkọ wọn, ọmọ Ọ̀kà. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Obìnrin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọwọ́ rẹ á dúdú o. Gíríìsì kì í kúrò léèékánná.”

“Ọṣẹ wà nílé, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo rí gbà fún odidi ọdún kan. Ọ̀gá mi le! Yorùbá Ọ̀kà ni wọ́n fi ń bú mi, èmi sì rèé, èdè ìlú wa lèmi gbọ́ jù, Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ wọ̀ mí lẹ́nu ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá bú mi, ìdajì rẹ̀ ló ń yé mi. Oore Ọlọ́run nìyẹn.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tó ju gbogbo òfin lọ. Ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ wọlé ká má so ìwé pélébé kan mọ́ ọn lára. Orí ìwé yẹn la máa kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí, àti ohun tó ń ṣe é, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i kẹ́yìn kó tó dákẹ́. Ọ̀gá mi a máa sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọdé tó ń ṣorí kunkun. Bó bá ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, nǹkan kan ti yí padà láàárín, ohun tó yí padà yẹn ni kí o wá lọ. Wọ́n á tún ní, “Bí o bá sì rí i pé o kàn fi okùn dè é ni, kó lè ṣiṣẹ́ di ọ̀la, kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá okùn rẹ nínú ẹ̀rọ kó rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú ní Ọ̀bà-Àkókó. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni wọ́n gbé táípúráítà kan dé láti ilé ìwé kan ní Ṣúpárè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á fò sókè, á gbá ìwé, ṣùgbọ́n ìwé á funfun báláú, kò ní sí àmì kankan lórí rẹ̀. Orí mi wú. Mo ní ọjọ́ tí màá fi han ọ̀gá pé mo ti mọṣẹ́ ló dé yìí. Mo tú u. Mo tú apá rẹ̀, mo tú sípíríǹgì rẹ̀, mo da gbogbo ìdè rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́, sínú agolo mílíìkì. Ọ̀sán kò tíì lọ tán tí ọ̀gá fi dé, ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ti di wóróbo níwájú mi.

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n jókòó.

“Fúnmiláyọ̀, kí ni wọ́n ṣe sí i kẹ́yìn?”

“Mi ò bèèrè, sà.”

“O ò bèèrè.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Lọ bèèrè.”

“Ní Ṣúpárè, sà?”

“Ṣé ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e wá ni?”

Bí mo ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ṣúpárè nìyẹn, pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́. Mo bá ọ̀gá ilé ìwé náà nílé, wọ́n ń jẹ iyán. Mo kúnlẹ̀, mo bèèrè. Wọ́n ní, “Kí ni a bá ṣe sí i? Rìbọ́nù tuntun ni akọ̀wé wa fi sí i lánàá.” Rìbọ́nù! Akọ̀wé yẹn fa aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ onítàdáwà náà gba abẹ́ ìkọ́ dípò kó fà á gba ojú ìkọ́, tàdáwà rẹ̀ kò sì gòkè débi tí lẹ́tà ń gbá. Ohun tí ìka méjì lè tún ṣe nìyẹn, èmi ti tú gbogbo ìfun ẹ̀rọ jáde. Ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀gá fi jókòó tì mí kí n tó tò ó padà, wọn ò sì bá mi fọwọ́ kan ìdè kan. Ẹkún ni mo fi ń de é. Inú bí mi sí wọn nígbà náà. Mo wá mọ̀ nígbà tó yá pé ọjọ́ márùn-ún yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́.

Ayé yí. Táípúráítà oníná dé, kò sì pẹ́ lórí àga kí kọ̀ǹpútà tó lé e dìde. Àwọn èèyàn ń bá mi kẹ́dùn lọ́nà ọjà pé iṣẹ́ mi ti parí. Mo ní kí wọ́n máa lọ, ohun tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ kò yí padà, ara wọn nìkan ló yí padà. Mo lọ kọ́ tirẹ̀ náà ní Àkúrẹ́, èmi àti àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà gbà mí síṣẹ́. Kò sí mọ́ báyìí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ má bi mí ní owó oṣù. Mo jẹun, mo rán ọmọ níléèwé, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà sọ yín nù. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nínú yàrá tirẹ̀, sáfà là ń pè é. Gbogbo kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń gba àlejò, ọ̀dọ̀ sáfà ni wọ́n ti ń bèèrè ọ̀rọ̀. Nínú sáfà yìí ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan wà tí ojú kì í rí. Sáfíìsì ni orúkọ rẹ̀. Bí sáfíìsì bá ti jí, o tẹ orúkọ aláìsàn, ìtàn rẹ̀ á jáde: irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, iye ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí sáfíìsì kò bá jí, ojú kọ̀ǹpútà á ṣófo. Àwọn káàdì àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n ti kó wọn sí ilé ẹ̀yìn nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, òjò àti ikán sì ti pín wọn.

Nígbà tó ṣe, aago inú sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Bátìrì pélébé kan ló máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ bí iná bá lọ. Tirẹ̀ ti kú. Bí iná bá ti lọ, tí a sì ti pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, aago sáfà á padà sí ọdún tí wọ́n ṣe é, oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ ó ní, ṣebí bátìrì lásán ni. Àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe lọ́jà Ìkàrẹ́ ń tà á! Ṣùgbọ́n àwọn tó ta sáfà fún wa ti lẹ ìwé mọ́ ọn lẹ́yìn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i àfi àwọn. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà wa kí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Èsì kan náà ni mo ń gbà, ẹnu lásán sì ni: “Màmá, ẹ ṣì máa mánéèjì ẹ̀ ná.”

A sì mánéèjì ẹ̀. Sẹ́kínátù ló ń bá wa mánéèjì ẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà ni, òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láé. Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, á lọ sí yàrá sáfà, á wo aago ara ògiri, á fọwọ́ tún ọjọ́ àti wákàtí ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ṣe é títí tí kò fi jọ àìsàn lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí fèrèsé láàárọ̀. Èmi ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Bámidélé, mi ò so ìwé kankan mọ́ sáfà yẹn lára. Okùn ni mo fi dè é, mi ò sì kọ ọ́ síbì kan. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́rú kan ni wọ́n rán ẹnjinníà kan sí wa láti Àkúrẹ́. Ọmọ dáadáa ni lójú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó ní òun fẹ́ ṣe àpúdéètì, pé kí òun fi ètò tuntun rọ́pò ètò àtijọ́ tí sáfíìsì ń lò. Mo ní kó jẹ́ kí n dúró tì í. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ lọ sinmi jàre, èyí kì í ṣe táípúráítà.”

Ẹ gbọ́ o! Èyí kì í ṣe táípúráítà! Mo kúrò níbẹ̀ kí n má baà fi èdè Òkè-Àgbè dá a lóhùn, nítorí èdè yẹn ni mo fi ń bínú.

Ó yọ wáyà sáfà nínú iná, ó gbé e sórí tábìlì tuntun, ó tún un tàn, ó ṣe àpúdéètì rẹ̀. Ó ní kí sáfíìsì jí. Kò jí. Ó pa á, ó tún un tàn. Kò jí. Títí di ìrọ̀lẹ́, pípa àti títàn náà ló ń ṣe, bí ẹni tó ń gbá ọmọ létí kó lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò lójú mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa dì í rù. Ó rí fláàṣì kékeré kan lára kọ̀ǹpútà Sẹ́kínátù.

“Ta ló ni èyí?”

“Èmi ni, sà,” ni Sẹ́kínátù wí. “Wáàsì Ààfáà wa ló wà níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán.”

“Fáírọ́ọ̀sì rèé! Òun ló pa sáfíìsì!”

Ó ti tán. Kò yẹ fláàṣì náà wò, kò bèèrè bóyá kọ̀ǹpútà yẹn tiẹ̀ lè fọwọ́ kan ìdí sáfà. Ọ̀gá àgbà ní kí Sẹ́kínátù máa lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà yíjú sí mi. Ó ní, “Màmá, mi ò ṣe nǹkan kan.” Mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe sáfà, mo sì rò pé kí n wádìí ná kí n tó sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, orí ọmọ sì wọ́ lójú mi.

Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ọ̀rọ̀ máa ń gun ọ̀kadà ṣáájú ẹni tó ni ín. Kí Sẹ́kínátù tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní àdúgbò rẹ̀ pé ó ba ilé ìwòsàn jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ti di pé ó ń ta àṣírí àwọn aláìsàn. Ìyá rẹ̀ dẹ́kun lílọ sí mọ́ṣáláṣí nítorí ojú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, sáfíìsì kò jí. Ọjọ́ Ẹtì, kò jí. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, aboyún kan dé, ara rẹ̀ kò yá, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bi ọkọ rẹ̀ pé oògùn wo ni ara ìyàwó rẹ̀ kì í gbà. Ọkọ ní òun ò mọ̀, ṣebí wọ́n ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lójú gbogbo wa ni nọ́ọ̀sì àgbà fi ọwọ́ lérí. Ẹnjinníà wá jáde wá sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí òun nu gbogbo sáfà nù ní Ọjọ́ Ajé, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ibẹ̀ ni mo ti ya wèrè. Mo ní, “Kí lẹ fẹ́ nù? Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn? Ara tí wọ́n ti là? Ẹ fẹ́ fi ètè sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá? Ẹ fún mi ní wákàtí kan nínú yàrá yẹn. Bí mi ò bá rí i, ẹ nu èmi náà nù.”

Ẹnjinníà ní, “Mọ́mì, kò lè yé yín.”

Ọ̀gá àgbà wo ojú mi, wọ́n ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan.

Mo jókòó síwájú sáfà. Mi ò pa nǹkan kan, mi ò tan nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ èyí: gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ìwé kan tó ń kọ nípa ara rẹ̀, lọ́ọ̀gì là ń pè é. Bí nǹkan bá dùn ún, ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Ọmọ Àkúrẹ́ yẹn ti wò ó, ṣùgbọ́n ìlà tó kẹ́yìn nìkan ló ń kà, èyí tó ní sáfíìsì kò lè jí. Ìyẹn kò ju pé kí aláìsàn ní ara òun kò yá. Mo lọ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo rí ibi tó kọ ọ́ sí pé ìwé ẹ̀rí tí ètò tuntun gbé wá láti fi hàn pé òun kì í ṣe ayédèrú, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì tó, òun kò lè gbà á. Mo ní, báwo ni ọjọ́ ìwé ẹ̀rí tuntun kò ṣe ní tíì tó? Ojú mi bá yà sí etí ìlà yẹn, níbi tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ ọjọ́ sí. Oṣù kìn-ín-ní. Ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọdún tí wọ́n ṣe sáfà.

Mo lu tábìlì. Yéè! Aago!

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ètò àtijọ́ kì í wo ọjọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń mánéèjì ẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́. Ètò tuntun kì í jí láì kọ́kọ́ wo ọjọ́. Sẹ́kínátù ti tún aago ṣe láàárọ̀ Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ẹnjinníà yọ wáyà nínú iná, aago sì padà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà wá, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹni tó ń tún un ṣe láràárọ̀ ni wọ́n lé lọ sílé! Bó bá ṣe pé wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ ni, aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni yóò ti fọwọ́ ara rẹ̀ wò ó sàn, òun gan-an kò tiẹ̀ ní mọ̀.

Mo wo aago ara ògiri. Mo fọwọ́ mi tún ọjọ́ ṣe. Mo ní kí sáfíìsì jí. Ó jí. Mo gbọ́ ariwo àwọn nọ́ọ̀sì láti òdìkejì ilé. Wọ́n ti tẹ orúkọ aboyún yẹn, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ sì ti jáde, èyí tí wọ́n ti fà sínú abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ fún un. Wọ́n dà á nù. Obìnrin náà yè, ọmọ náà yè.

Ẹnjinníà wo ojú sáfà títí. Ó ní, “Ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti ń dà á láàmú.” Mo ní kó kúrò níwájú mi.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo ní kí wọ́n pe Sẹ́kínátù padà lónìí. Wọ́n fọwọ́ lẹ́rán.

“Màmá, bó bá jẹ́ aago ni, a jẹ́ pé ẹ̀yin ti mọ̀ pé aago kò dáa.”

“Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí yín.”

“Mi ò rí lẹ́tà kankan nínú fáìlì. Ẹ rò ó dáadáa. Oṣù díẹ̀ ló kù tí ẹ máa fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago ni, orí yín ló máa já lé. Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọmọdé ni Sẹ́kínátù, á ríṣẹ́ míràn.”

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko! Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n ṣe ìdágbére fún mi kí n sì jókòó láàárín àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá di ojú, “Màmá, mi ò ṣe nǹkan kan” ni mò ń gbọ́. Ní Ọjọ́ Ajé, mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé aago ni, pé bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, pé èmi ni mo kọ́ Sẹ́kínátù bó ṣe ń tún un ṣe, pé èmi ni kò so ìwé mọ́ ọn kí àlejò lè mọ̀. Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi mí sídìí àpótí ìwé títí mo fi jáde. Ìdágbére kankan kò wáyé. Mo gbé àpò mi, mo lọ sílé. Ẹ má ṣàánú mi, mo bínú ni, mi ò kábàámọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí inú mi ṣì máa ru títí dòní, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Sẹ́kínátù ni. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, akọ̀wé ọ̀gá àgbà ló fún mi kí n bá wọn mú un lọ sí Ọ̀kà. Mo ṣí i. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí náà, àwọn ti dárí jì í, kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ti dárí jì í! Mo padà wọlé tààrà, mi ò kan ilẹ̀kùn.

“Kí lẹ dárí jì í lé lórí?”

“Màmá, kí tún ni? A ti gbà á padà ná.”

“Ẹni tí wọ́n bá dárí jì ti ṣẹ̀. Kí ni ọmọ yìí ṣẹ̀ yín? Ẹ sọ ọ́ létí mi.”

“Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́, a ti fún un.”

“Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa fún un níyẹn?”

Wọ́n ní kí n jáde. Mo fa àga, mo jókòó. Mo ní wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní iṣẹ́ tí mò ń sá lọ ṣe. Àlejò wọlé, wọ́n bá mi níbẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n fi mí síbẹ̀. Dókítà kan wọlé, ó kí mi, mo kí i. Ó bèèrè ohun tó dé, mo ṣe àlàyé rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ sókè dáadáa. Ẹnì kejì wọlé, mo tún un ṣe. Nígbà tí ẹnì kẹta wọlé, ọ̀gá àgbà pe akọ̀wé wọn pé kó mú ìwé míràn wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé lẹ́tà tuntun náà lọ sí Ọ̀kà. Àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ìrun Jímọ̀, títì kún. Mo bá Sẹ́kínátù àti ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án gangan. Ọmọ náà ti gbẹ. Ó gba lẹ́tà, ó kà á, ó bò ó mọ́ àyà. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá àwọn kà á. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́: ẹ̀sùn tí a fi kan Sẹ́kínátù kì í ṣe òótọ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Kò ta àṣírí ẹnikẹ́ni. Àwa la jẹ̀bi rẹ̀, a sì ń bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó gbé àga kan bọ́ síta, ó gbé e kalẹ̀ sójú ibi tí àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ń gbà kọjá.

Ó ní, “Ẹ má jókòó. Ẹ gun orí rẹ̀, kí ẹ kà á.”

Mo gun orí àga, èmi arúgbó. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn dúró. Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ìyá Sẹ́kínátù di ẹsẹ̀ mi mú.

“Ẹ tún un kà. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.”

Mo tún un kà.